Àpò Tí Àkànjí Rán fún Ènìyàn Méjì

Ẹni tí ó bá fi ọkàn rin ìrìnàjò kan pẹ́ jù, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa ń jìyà rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni, kí ó bi Mátíù Àkànjí, oníṣẹ́ awọ ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀yọ́.

Àwọn ojúgbà rẹ̀ ń fọkàn kọ́lé, wọ́n ń fọkàn ra mọ́tò. Igbó ni Àkànjí ń fọkàn wọ̀. Igbó ìjọba tó wà lókè Ìkòyí-Ilé, níbi tí wọ́n ti ń dá ẹranko sí, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko, ibẹ̀ ló fẹ́ fi ẹsẹ̀ là kọjá, kí ó máa sùn síbi tí ilẹ̀ bá ṣú u sí, títí yóò fi dé orí òkè tí Ọ̀yọ́-Ilé wà kí ogun tó tú u.

Òyìnbó kan ló kó èyí bá a. Ní nǹkan bí ọdún 1985, okùn àpò ńlá kan já mọ́ òyìnbó náà léjìká, akọ́wé kan sì mú un wá kí Àkànjí bá a rán an. Bí ó ti ń rán an, ó bi akọ́wé náà níbi tí ọ̀gbẹ́ni ń lọ.

"Igbó ni."

"Kí ló fẹ́ pa níbẹ̀?"

"Kò fẹ́ pa nǹkan kan. Ó fẹ́ wò ó ni."

"Kí ló fẹ́ wò?"

"Igbó náà. Ó fẹ́ máa rìn nínú rẹ̀, kí ó sì máa wò ó."

Àkànjí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò lọ tán, ẹ̀rín náà di ìlara. Ilẹ̀ tí àwọn baba ńlá òun sá fi sílẹ̀, àlejò ló ń lọ wò ó! Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí rán àpò tirẹ̀, awọ ewúrẹ́ tó nípọn, okùn méjì tí a ó gbà sí èjìká, àpò kéékèèké lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìyá rẹ̀ ní àìsàn ni. Wòlíì ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà tí wọ́n ń lọ ní kí ó gbààwẹ̀, nítorí ẹ̀mí ìrìnkèrindò ló ń dà á láàmú. Àkànjí gbààwẹ̀ náà. Ebi mú kí ó rí igbó ọ̀hún kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìdí àpò yìí ni Mùínàt bá a.

Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti wá, ó wá ra tìmùtìmù awọ tí ìyá tirẹ̀ ń tà ní Ọjà Igbó lọ́hùn-ún. Ọmọbìnrin dúdú tó ga, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ó fẹ́ jà, tó sì jẹ́ pé àwàdà ló ń ṣe.

"Bọ̀dá, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí nìyí? Ṣé ẹṣin ni wọ́n ń gbé e kọ́?"

"Ènìyàn ni ẹṣin rẹ̀."

"Ta wá ni ẹṣin ọ̀hún?"

"Èmi ni."

Ó wò ó tòkè tilẹ̀. "Ẹ ò mà jọ ẹṣin. Ewúrẹ́ tí wọ́n gbàgbé sórí ìso lẹ jọ."

Kò sí ẹni tí ó tíì bú Àkànjí kí inú rẹ̀ dùn bẹ́ẹ̀ rí. Ó sọ ìrìnàjò náà fún un, ohun tí kì í sọ fún oníbàárà. Ọmọbìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó ń dá a lóhùn, àfi ìgbà tí Àkànjí dárúkọ Ìkòyí-Ilé. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó jókòó sórí tìmùtìmù tí kò tíì rà, ó sì ń fi ọwọ́ pa àpò náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí.

"Ṣé ó lè gba ẹrù ènìyàn méjì?"

"Ta ni ẹnì kejì?"

"Mo kàn bi yín ni."

Àkànjí wo àpò, ó wo ọmọbìnrin. "Màá fẹ̀ ẹ́ sí i."

"Ṣé ìlérí ni?"

"Ìlérí ni."

Mọ́tò tó gbé e padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ kò tíì jáde ní gáréèjì tí Àkànjí fi tú ẹ̀gbẹ́ àpò náà, tó ń fi awọ mìíràn lé e. Ó ti rán ọ̀kan tán kí ó tó rántí pé òun kò tilẹ̀ bi í léèrè orúkọ.

Orúkọ wá, ìfẹ́ sì tẹ̀lé e. Tìmùtìmù tí Ọjà Igbó kò lè tà tán lọ́dún méjì ni Mùínàt ń wá rà, kí ó ṣáà lè rí ọ̀nà dé Ọ̀yọ́. Nínú ọyẹ́ ọdún kejì ló tó sọ ohun tó pa ẹ̀rín rẹ̀ lọ́jọ́ kìn-ín-ní. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo, Mùílì, tẹ̀lé àwọn ọdẹ wọ igbó náà lọ. Àwọn ọdẹ padà, Mùílì kò padà. Wọ́n ní ó lé ẹran kan lọ, wọ́n sì fẹ́ fèrè títí, kò dáhùn.

"Bàbá mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kírun sí i lára," ni Mùínàt wí. "Wọ́n ní Kútọnu ló gbà lọ. Ẹni tó bá ti bi wọ́n, wọn á ní, 'Ó ń bọ̀. Ọ̀nà ló jìn.' Wọ́n sì ti búra pé àwọn ò ní so yìgì ọmọ kankan nílé àwọn, àfi bí Mùílì bá dé, kí ó jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún àwọn."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé o rò pé ó ń bọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi kì í pẹ́ níta kí ó má ránṣẹ́. Ó ti kú, Àkànjí. Mo kàn fẹ́ rí ibi tó sùn sí ni."

Lọ́jọ́ náà ni iyèméjì kọ́kọ́ wọ inú Àkànjí. Ṣé èmi ni ọmọ yìí fẹ́, àbí ọ̀nà igbó tí mo mọ̀ ọ́n fọkàn rìn? Kò bi í. Ẹni tí ń bẹ̀rù ìdáhùn kì í béèrè.

Àbúrò bàbá Àkànjí, Àǹtí Fọláṣadé, ló ṣe alárenà. Ẹja gbígbẹ ló ń tà láàrin Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Lọ́jọ́ Àìkú ẹ̀wẹ̀, aṣọ funfun aládùúrà ló ń wọ̀. Gbogbo ènìyàn ló ní aládùúrà kankan kò lè wọlé ààfáà bíi bàbá Mùínàt lọ tọrọ ọmọ. Fọláṣadé wọlé ọ̀hún, ó sì jáde tẹ̀ríntẹ̀rín.

"Wọ́n gbà!"

"Báwo ni wọ́n ṣe gbà?" Ọ̀rọ̀ náà kò ye Àkànjí.

"Mo ní ìwọ lo máa wọ igbó lọ gbé Mùílì wá fún wọn. Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí, bàbá dìde dúró. Wọ́n ní, 'Ọmọ tó bá lè gbé Mùílì dé, ẹ̀sìn yòówù kí ó máa ṣe, kí ó wá gba Mùínàt.'"

"Àǹtí mi! Ta ló ní kí ẹ sọ bẹ́ẹ̀? Òkú ni ẹni yẹn!"

"Ẹ̀n, ẹ̀n? Alárenà tí kò bá fi iyọ̀ sọ́rọ̀, ta ni yóò jẹ ẹ́? Ṣebí o ti ní o máa lọ tẹ́lẹ̀? Máa lọ!"

Báyìí ni ìrìnàjò tí Àkànjí fẹ́ fi gbádùn ayé rẹ̀ ṣe di iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Mùínàt di ẹrù tirẹ̀, ó ní òun ti múra. Bàbá rẹ̀ ní obìnrin kì í wọ igbó ọdẹ. Fọláṣadé ní bẹ́ẹ̀ ni. Àkànjí náà wo ilẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ mọ ọ̀nà. Tí a bá gbéyàwó tán, àwa méjèèjì á jọ lọ."

"Ẹ ṣèlérí," ni Mùínàt wí.

"Mo ṣì wà lórí rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà kò jà. Ó kó ẹrù rẹ̀ jáde nínú àpò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó fi ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo.

Ọládépò, ọdẹ àgbà kan ní Ìkòyí-Ilé tí àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó mọ̀ dáadáa, ló mú Àkànjí wọ igbó ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1988. Ọjọ́ àkọ́kọ́, inú Àkànjí dùn débi pé ó fẹ́ sunkún. Ẹtu dúró wò ó, kò sá. Ìnàkí jókòó sórí àpáta bí àwọn ìjòyè, wọ́n ń gbó mọ́ ọn. Ní ìrọ̀lẹ́, ó rí òkè Ọ̀yọ́-Ilé lókèèrè, ó rí roboto, ó sì dúdú nínú ọyẹ́ bí aró. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Mùínàt ì bá rí èyí."

Ní ọjọ́ kejì, Ọládépò gbé ọwọ́ sókè, ó dúró. Ojú omi kan tó ti gbẹ ni wọ́n dé, abẹ́ àpáta sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Irin ìbọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ni bàtà táyà ẹsẹ̀ kan, lẹ́yìn náà ni tẹ̀sùbáà, ìlẹ̀kẹ̀ dúdú tó ṣì wà láàrin egungun ọwọ́.

"Òùngbẹ ni," ni Ọládépò wí. "Ó wá omi wá síbí. Omi ti lọ."

"Ṣé a ó gbé e lọ sílé ni?"

"Èèwọ̀ ọdẹ. Ẹni tí igbó bá pa, inú igbó ni wọ́n ń sin ín sí."

Àkànjí kò sin ẹnikẹ́ni rí ju bàbá rẹ̀ lọ. Bí wọ́n ṣe sin bàbá rẹ̀ náà ló ṣe sin ẹni tí kò mọ̀ yìí. Ó fi ọ̀bẹ àti ọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀ líle náà títí èékánná rẹ̀ fi ya. Ó to egungun náà jẹ́jẹ́, ó bo ilẹ̀, ó kó òkúta lé e, ó sì ka Sáàmù. Lẹ́yìn náà ló gé igi méjì, ó fi wọ́n dábùú ara wọn, ó fi okùn awọ tirẹ̀ dì wọ́n, ó sì rì wọ́n síbi orí òkú náà dáadáa kí ìjì má bàa wó wọn. Kò sí iṣẹ́ ọwọ́ kan tó tíì fi ọkàn ṣe tó o.

Kò dé orí òkè náà mọ́. Kò sí ẹni tí í ti ẹ̀bá ibojì kọjá lọ wòran.

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ààfáà Abdulkareem, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Mùílì, gba tẹ̀sùbáà náà. Ó jẹ́ arúgbó gbígbẹ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò tíì tẹ̀. Ó ń ti ìlẹ̀kẹ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi yí i ká. Kò sunkún.

"Ibo ló kọjú sí?"

Àkànjí kò mọ ohun tí a ń bi í. "Bàbá?"

"Ọmọ mi. Nínú ilẹ̀ tí o tẹ́ ẹ sí. Ṣé ó kọjú sí gábàsì, bí a ṣe ń kírun?"

"Mi ò... mi ò wo ìyẹn, Bàbá."

"Aṣọ funfun ńkọ́?"

"Kò sí aṣọ lọ́wọ́ wa."

"Kí lẹ fi sàmì síbẹ̀, tí ènìyàn á fi mọ̀ ọ́n?"

Àkànjí rò pé ohun tí òun fẹ́ sọ yìí ni yóò tu bàbá nínú. "Mo fi igi ṣe àgbélébùú sí i lórí. Mo dì í dáadáa. Kò lè wó."

Lẹ́nu ọ̀nà, Mùínàt dijú. Tẹ̀sùbáà dúró lọ́wọ́ bàbá rẹ̀.

"Lórí ọmọ Abdulkareem?"

"Bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún òkú lọ́dọ̀ tiwa nìyẹn, Bàbá. Mi ò fi ṣe ẹ̀gàn."

Ohùn arúgbó náà kò ga. "Padà lọ. Yọ ọ́ kúrò. Fi aṣọ funfun bò ó, kí o kọ ojú rẹ̀ sí gábàsì. Ọjọ́ tí o bá dé ni màá so yìgì Mùínàt fún ọ. Mi ò ní yẹ̀ é."

Ó dìde, ó wọlé lọ. Àkànjí wo èékánná rẹ̀ tó ya. Ó retí gbólóhùn kan. Ó retí rẹ̀ títí wọ́n fi pa ilẹ̀kùn yàrá dé.

Gbólóhùn tí wọn kò sọ náà ló bá a wọ mọ́tò padà sí Ọ̀yọ́. Kò sọ ọ́ nù lójú ọ̀nà.

"Lọ yọ igi méjì," ni Fọláṣadé ń bẹ̀ ẹ́. "Igi méjì péré, kí o sì fẹ́ ìyàwó rẹ! Wọ́n ti gbà fún ọ, aládùúrà tí kì í ṣe ọmọ ìmàle! Ta ni wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún rí?"

"Kí wọ́n kọ́kọ́ dúpẹ́."

"Dúpẹ́ kí ni?"

"Mo fi ọwọ́ mi gbẹ́lẹ̀ sin ọmọ wọn. Ajá ni mí? Ẹni tó bá fún ajá ní iṣẹ́ jẹ́, ó ṣì ń fi ọwọ́ pa á lórí."

"Àgbàlagbà ni wọ́n, Mátíù. Wọ́n ń ṣọ̀fọ̀."

"Èmi náà ń ṣe tèmi."

Òjò rọ̀, ó dá. Fọláṣadé lọ, ó bọ̀, títí ó fi ní ẹsẹ̀ òun kì í ṣe ti mọ́tò. Àpò náà wà lórí ìṣó lára ògiri. Àwọn ìgbà mìíràn, bí Àkànjí bá ń gé awọ, ọkàn rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí wọ igbó lọ bí ó ti máa ń ṣe, a sì dé ìdí àgbélébùú náà, a dúró. Kò lè lọ kọjá ibẹ̀ mọ́, kódà nínú àlá. Ó máa ń sọ fún ara rẹ̀ pé bí arúgbó yẹn bá ránṣẹ́ ìdúpẹ́ lónìí, òun á lọ lọ́la. Arúgbó náà kò ránṣẹ́.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, Mùínàt wá. Kò béèrè tìmùtìmù. Aṣọ funfun ló ká sábẹ́ apá.

"Mo ti wá aṣọ. Ẹ jẹ́ ká lọ. Ènìyàn méjì, bí ẹ ṣe wí."

"Ṣé bàbá rẹ ló rán ọ?"

"Èmi ni mo rán ara mi."

"Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ọ́. Gbólóhùn kan ni. Tí mo bá ti gbọ́ ọ, màá dìde."

"Mo dúpẹ́." Ó kúnlẹ̀ sórí àjákù awọ. "Àkànjí mi, mo dúpẹ́. Ẹ ṣeun. Ẹ sin ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ó tó?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde. Ṣùgbọ́n agídí dà bí awọ tí oòrùn ti gbẹ: bí ènìyàn bá fẹ́ kí ó rọ̀, kò ní rọ̀ kíákíá, sísán ló máa sán. "Kì í ṣe ẹnu rẹ ni mo fẹ́ gbọ́ ọ."

Mùínàt dìde. Ó gbọn eruku orókùn rẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, kò bá a sọ̀rọ̀ láìbọ̀wọ̀ rí, àfi ọjọ́ náà.

"Ìwọ àti bàbá mi, ìyá kan náà ló bí yín. Bàbá mi fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ de òkú, ìwọ ti ilẹ̀kùn mọ́ alààyè. Mo rò pé igbó lo fẹ́ràn. O ò fẹ́ràn rẹ̀. Ohun tó o fẹ́ràn ni kí wọ́n máa rí ọ lójú ọ̀nà ibẹ̀."

"Mùínàt."

"Máa jókòó."

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, Àkànjí dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá ìṣó lára ògiri lófìfo.

"Mùínàt ló wá gbé e," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ó ní o mọ̀ sí i. Kí ló dé? Ṣé o ò mọ̀ sí i ni?"

Aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀ tó fi sáré dé gáréèjì. Kò bọ́ ọ títí tó fi dé Ìkòyí-Ilé.

"Ó wá síbí," ni Ọládépò wí. "Mo ní mi ò mú obìnrin wọ igbó. Ó béèrè bí ọ̀nà ṣe rí. Mo rò pé kí ó kàn lè mọ̀ ọ́n ló ṣe ń béèrè, mo sì sọ fún un. Ó kí mi, ó jáde. Mo rò pé mọ́tò ló lọ wọ̀."

Wọ́n wọ igbó tọ̀ ọ́ lọ. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ àpáta náà, Àkànjí kò kọ́kọ́ mọ ibẹ̀ mọ́. Àgbélébùú kò sí. Igi méjèèjì ni ó tú, tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó sì fi okùn awọ náà dì wọ́n pọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó mọyì iṣẹ́ oníṣẹ́. Ó ti tú òkúta, ó ti fi aṣọ funfun bo òkú, etí aṣọ náà yọ síta, ó sì ti tún òkúta náà tò, ó kọjú wọn sí gábàsì. Iṣẹ́ náà mọ́ ju ti Àkànjí lọ.

"Ó dé ibí," ni Àkànjí wí. "Ó ti ń padà bọ̀ nìyẹn. A ti jọ kọjá ara wa lójú ọ̀nà."

Ilẹ̀ ni Ọládépò ń wò. Ẹsẹ̀ Mùínàt wà nínú eérú koríko jíjó, ó hàn kedere, ó wọlẹ̀ díẹ̀ bí ti ẹni tó gbé ẹrù. Kò kọjú sílé. Òkè Ọ̀yọ́-Ilé ló kọjú sí.

Wọ́n tẹ̀lé e títí eérú fi tán, tí ilẹ̀ fi di àpáta. Wọ́n pè é. Ìnàkí ló ń dá wọn lóhùn. Wọ́n wá a títí omi fi tán nínú kèrègbè wọn, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó náà wá a, àwọn ọdẹ Ìkòyí-Ilé wá a. Kò sí àpò, kò sí bàtà, kò sí òkú. Ojú omi gbogbo ló ti gbẹ lọ́dún náà.

Àkànjí kò padà sí Ọ̀yọ́. Ó jókòó sórí pákó níwájú ilé Ọládépò, níbi tí ọ̀nà igbó ti yọ sílùú, ó ń rán bàtà àwọn àgbẹ̀. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, koríko hù bo ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, mọ́tò kan já arúgbó kan sílẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀. Ó rìn wá, ó jókòó ti Àkànjí lórí pákó náà, tẹ̀sùbáà dúdú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jọ ń wo ojú ọ̀nà.

"Mátíù."

"Bàbá."

"O ṣeun." Ó mí. "O ṣeun, tí o sin ọmọ mi."

Gbólóhùn náà rèé. Àkànjí tún fi abẹ́rẹ́ gún bàtà tó wà ní itan rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń ti oko bọ̀ sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó kí wọn. "Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin bàbá. Ṣé ẹ ń retí ẹnìkan ni?"

Bàbá Mùílì ń ti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkànjí ló dá obìnrin náà lóhùn.

"Ó ń bọ̀," ló wí. "Ọ̀nà ló jìn."